Kì Í Ṣe Màámi Ló Gbàgbé

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni àbúrò mi pè mí láti Ìbàdàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo ṣì ń tú bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Bàrígà. Kò kí mi tán kó tó ní, "Àǹtí mi, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa Màámi o." Àyà mi já. Ó ní Màámi ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wọn, ó ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tí kò gbà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ṣé nítorí páásíwọ́ọ̀dù ló ṣe já mi láyà báyìí? Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n tún ń sọ fún mi lórí fóònù pé ọdún tuntun ni lónìí."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ẹni tó bá ní òbí tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yóò mọ irú ẹ̀rù tó bà mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù yẹn ti wà nínú wa tẹ́lẹ̀, ibi tí yóò gbà yọjú ló ń wá. Bí Màámi bá fi orúkọ àbúrò mi pè mí, èmi àti àbúrò mi á wo ara wa lójú. Bí iyọ̀ bá dín nínú ọbẹ̀, a á dákẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá ní páásíwọ́ọ̀dù wọn kò tọ̀nà, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi kọ̀ǹpútà léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá wa la gbé ẹjọ́ náà rù.

Ẹjọ́ náà kì í ṣe tiwọn. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé rẹ̀ lè yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa kó tó fi ojú alárùn wo òbí rẹ̀.

Kaṣíà ni Màámi ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Marina fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìṣirò kò fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ṣúrùlérè. Ìyá mẹ́tàlélógójì ló ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n á sì pín in ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá kí kálukú lè fi ra nǹkan ọdún. Inú Excel ni gbogbo àkọsílẹ̀ náà wà, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó jókòó sórí tábìlì ìránṣọ wọn àtijọ́ ní pálọ̀. Ẹ wá ro ó wò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n pín owó, akápò kò sì lè wọ inú ìwé owó. Màámi kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ìwé ọwọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi tún un ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí àwọn rìsíìtì tí wọ́n kó sínú agolo bisikí.

Mo pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì sọ ohun tí ó ń dùn mí títí di òní. Mo ní, "Màámi, ẹ farabalẹ̀ rántí." Mo ní ṣé kì í ṣe nọ́ńbà ATM yín lẹ ń tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní ṣé ẹ kò yí i padà lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ wá gbàgbé. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ohun tí mo ń tẹ̀." Mo gbà á sí orí kunkun àgbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn kò dáhùn mọ́, wọ́n kàn ní kí n kí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wọn ti wá wò ó kí n tó débẹ̀. Ó ní Windows 10, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́, ti kú, ìyẹn ló fà á, kí wọ́n jẹ́ kó fọ́máàtì rẹ̀, kó gbé tuntun lé e. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ló dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni síta. Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 13 ṣì ń gba páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ 15. Bí wọ́n bá sì fọ́máàtì rẹ̀ láìkọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíì, àkọsílẹ̀ ìyá mẹ́tàlélógójì bá a lọ nìyẹn. Màámi kọ̀ fún un. Mo dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í kọ̀, torí ẹni tó bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbà fún un.

Sátidé ni mo lọ. Mo wọ dáńfó láti Bàrígà dé Yábàá, mo wọ òmíràn dé Ojúẹlẹ́gbà, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Màámi ti se ìrẹsì, wọ́n sì ti nu ojú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni pé àlejò ni mo jẹ́ sí i. A jẹun tán kí wọ́n tó jẹ́ kí n débẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà lójú mi. Kí n má baà mọ ọ̀rọ̀ náà, n kò wo ọwọ́ wọn, ojú skíríìnì ni mo tẹjú mọ́. Mo gbọ́ ọwọ́ òsì wọn tó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bíi ti gbogbo ẹni tí kò kọ́ títẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọwọ́ ọ̀tún: ta-ta-ta-ta, kíá, bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ọwọ́ kaṣíà nìyẹn. Ó ti sáré lọ sórí àkójọ nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n to nọ́ńbà sí bíi ti ẹ̀rọ ìṣirò, tí bọ́tìnì 5 ní kókó kékeré kan lórí kí ìka lè mọ ibi tó wà láìwò ó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọwọ́ yẹn fi gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Kò ní nọ́ńbà míì tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ pọ̀ ju ohun tí ojú mi rí. Mo gbọ́ ta-ta-ta-ta, n kò sì rí àmì róbótó dúdú kankan tó kún èyí tó ti wà nílẹ̀.

Mo ní, "Màámi, lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Mọ́kànlá. Lẹ́tà méje, nọ́ńbà mẹ́rin."

Mo ka àmì tó wà lójú skíríìnì. Méje ni.

Mo wo kíbọ́ọ̀dù. Iná kékeré kan wà lókè àkójọ nọ́ńbà náà, tó yẹ kó máa tàn, èyí tó ń sọ pé Num Lock wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú fín-ín-fín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, torí èmi tí mo pe ara mi ní ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, kò wá sí mi lọ́kàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ méjì ni bọ́tìnì nọ́ńbà apá ọ̀tún ń ṣe. Bí Num Lock bá tàn, nọ́ńbà ni wọ́n. Bí ó bá kú, wọ́n di bọ́tìnì ìrìn: 4 ń lọ sósì, 6 ń lọ sọ́tùn-ún, 7 ń fò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, 1 ń fò lọ sí ìparí rẹ̀, 5 kì í sì í ṣe nǹkan kan. Ká ní páásíwọ́ọ̀dù ẹnìkan ni Ewedu1974ata. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Num Lock tó kú, Ewedu á wọlé. 1 àti 9 kò ní kọ nǹkan kan. 7 á gbé igi tíńrín tó ń ṣẹ́jú nínú àpótí náà padà sí iwájú E, 4 kò ní ibi tí yóò lọ mọ́. Nígbà tí ó bá wá tẹ ata, iwájú ló máa bọ́ sí. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí gbà ni ataEwedu, àmì mẹ́jọ dípò méjìlá. Ọwọ́ kò ṣì í, iyè kò ṣì í, síbẹ̀ "kò tọ̀nà" ni ìdáhùn, òótọ́ sì ni kọ̀ǹpútà ń sọ, torí ohun tó rí gbà kò tọ̀nà.

Mo tẹ Num Lock. Iná náà tàn. Mo ní, "Ẹ tún un tẹ̀, Màámi." Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ta-ta-ta-ta. Ó ṣí.

Wọn kò pariwo. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n wo àwòrán bàbá wa tí wọ́n fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín." Ohùn wọn kò le rárá. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní kí n dìde kí n wá wo nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ fi hàn mí. Wọ́n ti kọ̀ǹpútà náà pa padà sí ojú ibi tí èèyàn ti ń wọlé, níbi tí aago ńlá ti máa ń hàn. Ohun tí a kọ sábẹ́ aago náà ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní. Sátidé la wà, nínú oṣù kọkànlá.

"Ohun tí mo sọ fún àbúrò rẹ nìyẹn. Mo ní kọ̀ǹpútà ní ọdún tuntun ni lónìí. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe ohun tó ṣe mí. Ìyá wa ti rí àmì àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i, wọ́n sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá tó já geere, àwa sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí pé orí wọn ti ń yí.

Mo ṣí bùráúsà láti wo ìméèlì wọn. Kò ṣí. Ó ní ààbò kò sí lórí ọ̀nà náà, pé aago kọ̀ǹpútà ti wà lẹ́yìn jìnnà. Mo wo ọdún: 2012. Gbogbo ojúlé tó ní àmì àgádágodo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ìwé ẹ̀rí kan dání, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bùráúsà á gba ìwé náà, á wo aago tirẹ̀, á wò ó bóyá ọjọ́ òní bọ́ sí àárín méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà tó wà ní 2012, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe ní 2025 kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ayédèrú ni. Nítorí náà, bí páásíwọ́ọ̀dù ìméèlì Màámi tilẹ̀ tọ̀nà, wọn kò ní rí ibi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́.

Num Lock kú, aago padà sẹ́yìn. Nǹkan méjì tó dà bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan, àmọ́ ìyá kan náà ló bí wọn.

Mo bi Màámi bóyá kọ̀ǹpútà náà ń kọ nǹkan kan bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ funfun sórí ilẹ̀ dúdú, ọmọ ayálégbé ìsàlẹ̀ ló kọ́ wọn pé kí wọ́n máa tẹ F1 kó lè kọjá. Wọ́n sì ń tẹ F1 láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn, mo kà á: kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun kò rántí ètò òun mọ́.

Inú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni bátìrì róbótó fàdákà kan wà, tí wọ́n ń pè ní CR2032. Ìwọ̀n rẹ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn: ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó mìlímítà 3.2. Fóòtì 3 ni agbára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa gbé aago kiri, kó sì máa rántí àwọn ètò kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń kà kí Windows tó jí, nígbà tí iná kò bá sí lára kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì náà bá kú, tí iná sì lọ, kọ̀ǹpútà á padà sí bí wọ́n ṣe kó o jáde ní ilé iṣẹ́. Ti Màámi, bí wọ́n ṣe kó o jáde ni pé Num Lock kú, ọdún sì jẹ́ 2012.

Ohun tí mo fẹ́ kí ará Èkó fi sọ́kàn rèé. Níbi tí iná kì í ti í lọ, kọ̀ǹpútà tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gba iná díẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ pa á, bátìrì kékeré yẹn á sì máa sinmi. Lọ́dọ̀ tiwa, iná a lọ láàárọ̀, a dé lọ́sàn-án, a tún lọ lálẹ́. Màámi tún ní ìṣe kan: wọ́n máa ń yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri lálaalẹ́ kí iná tó bá dé lójijì pẹ̀lú agbára má baà jó ẹ̀rọ náà. Ìṣe tó dára ni, mi ò ní ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ gbogbo òru wọ̀nyẹn, bátìrì náà nìkan ló ń gbé ẹrù. Bátìrì tí ìbá pẹ́ níbòmíì kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ní Mọ́ńdè, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Mo rà á ní ọ̀nà Ọ̀tígbà, méjì nínú páálí, mo sì ní kí olùtajà fi ẹ̀rọ wọn fóòtì rẹ̀ lójú mi. Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ nínú oòrùn lè ti rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le: mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà iná kúrò pátápátá, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, mo ti irin pẹlẹbẹ tó di bátìrì náà mú, ó fò jáde. Mo fi tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ sí ló kọjú sókè. Lẹ́yìn náà mo wọ inú ètò rẹ̀, mo tún ọjọ́ àti aago ṣe, mo ní kí Num Lock máa tàn, mo fi pamọ́. F1 kò yọjú mọ́. Ẹ má retí pé Windows á fúnra rẹ̀ tún irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe. Lóòótọ́ ó máa ń bèèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù, ó lè kọ̀ láti gbà á.

Màámi bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ náà tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n ní, nígbà tí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ohun tí àwọn tẹ̀ kò tọ̀nà, ṣé ó mọ èyí tó tọ̀nà nìyẹn? Kí ló dé tí kò sọ pé nọ́ńbà ni kò pé?

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Màámi, ìyá wọn rẹ aró. Mo ní kọ̀ǹpútà kò tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, ó rì í bọ aró, aṣọ aláró yẹn ló tọ́jú, ó sì da aṣọ funfun nù. Bí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́, á ri èyí tí wọ́n tẹ̀ bọ inú ìkòkò kan náà, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, ó ṣí. Aláró kankan kò lè fọ aró kúrò kó dá aṣọ padà sí funfun. Ibi tí aró ìṣirò yìí ti yàtọ̀ sí ti Ìtòkú ni pé, bí òwú kan ṣoṣo bá yàtọ̀ lára aṣọ, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ló ń yí padà pátá. Nítorí náà kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ pé ẹ ti súnmọ́ ọn, tàbí pé nọ́ńbà mẹ́rin ló kù. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní aró tó gbó nìyẹn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é látilẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CTSS, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò pọ̀, bí ayálégbé púpọ̀ nínú ilé kan tí yàrá kọjú síra. Oníkálukú nílò àgádágodo tirẹ̀, ibẹ̀ ni páásíwọ́ọ̀dù ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìwé kan ni gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wà, ní gbangba, láìrẹ aró. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lo ẹ̀rọ náà ju àkókò tí wọ́n pín fún un, ní kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde fún òun, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí àwọn ìyá ẹgbẹ́, wọ́n ti ń pè mí. Ìyá kan ní Ìtirẹ́ ní bọ́tìnì òun kì í kọ nǹkan kan àfi bí òun bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ọwọ́ di Shift apá ọ̀tún mú tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ nígbà tí wọ́n ń ronú ohun tí wọ́n máa tẹ̀, ìyẹn sì ń jí ètò kan tí kì í ka bọ́tìnì tí a bá tẹ̀ fẹ́rẹ́ sí. Òmíràn, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ìlú Ọba wá. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà ní Èkó ló ti ìlú Ọba dé, ẹni tó tà á sì gbé ètò Amẹ́ríkà lé e. Ohun tí wọ́n ya sórí bọ́tìnì kì í wá ṣe ohun tó ń kọ: ibi tí wọ́n ya @ sí ń kọ àmì àyọlò, ibi tí wọ́n ya àmì àyọlò sí, lórí 2, ló ń kọ @. Ẹni tó bá ní @ nínú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ti àwọn tó ra ẹrù Beljíọ̀mù tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí A àti Q ti gba ipò ara wọn níbẹ̀, Z àti W náà bẹ́ẹ̀.

Ojú ni mo ń ní kí gbogbo wọn kọ́kọ́ tẹ̀. Àmì ojú kékeré kan wà ní ìparí àpótí páásíwọ́ọ̀dù: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ sì dì í mú, ohun tí ẹ ti tẹ̀ á hàn sí yín. Ẹ wò ó pé kò sẹ́ni lẹ́yìn yín. Bí èmi bá ti ní kí Màámi ṣe ìyẹn lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ìyókù ni ti ìméèlì. Aago ti dára, ojú ewé ṣí, ó wá ní òun fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí láìnì wọn. Láìnì tí kò sí mọ́ ni. Nígbà tí ìjọba ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pàṣẹ pé kí gbogbo láìnì so mọ́ NIN, tí wọ́n sì dí ìpè jíjáde lórí àwọn tí kò tíì so ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Màámi wà lára àwọn tó fi láìnì àtijọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó rántí pé láìnì àtijọ́ yẹn ni ìméèlì mọ̀ wọ́n sí. Orí bá wọn ṣe é, ìméèlì náà ṣì ṣí sílẹ̀ lórí fóònù wọn, ibẹ̀ la ti gba ẹ̀yìn wọlé tí a sì pààrọ̀ nọ́ńbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí òbí yín bá ti yí láìnì padà láàárín ọdún márùn-ún yìí, ẹ wò ó lónìí, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Láìnì tí a pa tì kì í jókòó dè wá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù yín á sì máa lọ sọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Àbúrò mi wá láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, Màámi ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n pín owó ẹgbẹ́ ní Sátidé àkọ́kọ́. Ìwé ọwọ́ tí wọ́n ti ṣírò láti inú agolo bisikí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Excel, wọ́n fi rúlà tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ tó yàtọ̀.

Bátìrì kejì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ìránṣọ náà, nínú páálí rẹ̀. Màámi ti gé tépù funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fi báírò kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ti inú rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé títẹ́jú tí wọ́n fi ń kọ ìwé owó ní Marina. Láàárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ wo iná kékeré orí kíbọ́ọ̀dù náà.